Ọdún Tí Ẹgbẹ́ Wa Ń Wá Máníjà

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nílùú òyìnbó, ó pẹ́ kí ìyá mi tó gbà pé iṣẹ́ ni. Mo máa ń ka bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ o. Bésíbọ́ọ̀lù ni, èyí tí ẹnì kan ń jù, tí ẹnì kejì ń fi igi gbá. Gbogbo èyí tí wọ́n bá jù lọ́jọ́ kan, èmi ni mo gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe yára tó, ibi tó gbà kọjá, àti ohun tí ẹni tó di igi mú fi ṣe. Tí eré bá parí, màá kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀mpútà, màá wá máa wo inú rẹ̀ fínnífínní bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

"Wọ́n á fi ugi gbá a," ni ìyá mi wí pẹ̀lú ohùn Èkìtì rẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà fún un. "Wọ́n á wá sá lọ síbo?"

"Wọ́n á sá yípo, Màmá, wọ́n á padà sí ilé. Ibi tí wọ́n ti gbéra ni wọ́n ń pè ní ilé. Ẹni tó bá padà délé ló gba máàkì."

"Kí ló dé tí wọn kò kúkú jókòó sí ulé?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún un pé iye ìgbà tí àwọn ọmọkùnrin náà ṣe dáadáa àti iye ìgbà tí wọ́n kùnà ni mo ń kà, kò bá mi rẹ́rìn-ín mọ́.

"A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ o," ni ó wí. "Uṣu ni kí o máa kà. Ọmọ ọlọ́mọ kọ́."

Mo ní bí iṣẹ́ òyìnbó ṣe rí nìyẹn. Ó ní òun ti gbọ́, pé kí n ṣáà máa gbàdúrà kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má bá mi wí pé mò ń pe ìyá mi ní "ó". Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa ní Ìkẹ́rẹ́ nìyẹn, ìfẹ́ ni, kì í ṣe àfojúdi. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì wà lára àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè tí ìjà bá wà láàrin tọkọtaya. Èmi náà ti ṣe tíṣà. Ìṣirò ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Òde-Èkìtì kí n tó lọ kàwé sí i lókè òkun, ìwé yẹn ló sì gbé mi dé ọ́fíìsì àwọn tó ń ka bọ́ọ̀lù.

*

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Gbogbo ènìyàn ló ti sọ̀rọ̀ òtútù fún mi, mo sì ti ra kóòtù tó nípọn. Àìkíni ni. Ní Ìkẹ́rẹ́, tí mo bá jáde láti lọ gun ọ̀kadà, kí n tó dé ìkóríta mo ti kí èèyàn mẹ́wàá. Wọ́n á béèrè ìyá mi, wọ́n á béèrè iṣẹ́, ìyàwó àlùfáà á tún bi mí léèrè ìgbà tí mo máa gbéyàwó, inú á sì máa bí mi. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá máa wá ẹni tó máa bi mí ní ìbéèrè tó ń bíni nínú.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo kó dé ilé tí mo háyà, mo kí aládùúgbò mi ní àárọ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá wí. Ajá rẹ̀ dá mi lóhùn jù ú lọ. Mo tún kí i lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta, torí bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé ni pé ìkíni kò ní kí aṣọ ya. Lọ́jọ́ kẹrin ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì, Lọ́rà ni orúkọ rẹ̀. Mo ju ú lọ lọ́jọ́ orí, ó sì ní kí n máa pe òun ní Lọ́rà lásán. Oṣù mẹ́ta gbáko ló gbà mí kí orúkọ yẹn tó jáde lẹ́nu mi láìsí "mà" lẹ́yìn rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. A jẹ́ mẹ́rin nínú ọ́fíìsì yẹn, gbogbo wa la sì ń jẹun ọ̀sán, ṣùgbọ́n kálukú kọjú sí kọ̀mpútà tirẹ̀ ni. Tí mo bá ṣí abọ́ mi, màá ní, "Ẹ wá jẹun o." Wọ́n á ní àwọn ti jẹun, wọn kò sì ní gbójú sókè. Nígbà tó yá mo dákẹ́, mo ń jẹun bí ẹni tó ń jí i jẹ.

Ọjọ́ tí mo pàdé Hẹ́nrì, mo gbàgbé ara mi ni. Ó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, mo rí i pé orí rẹ̀ ti funfun, ẹnu mi sì yára jù mí lọ. "Ẹ wá jẹun, sà." Ọkùnrin náà dúró, ó fa àga, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé "á gba ibi ire" ni èsì ọ̀rọ̀ yẹn, ẹni tí wọ́n pè á sì kọjá lọ. Ẹran kan ṣoṣo ló wà lórí ìrẹsì yẹn. Ó jẹ ẹ́. Ó la ẹnu, ó ní kò tíì sí ẹni tó pe òun jẹun nínú ilé yìí láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú.

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Ó ní kí n máa sè é ní méjì láti ọjọ́ yẹn lọ.

*

Hẹ́nrì ni igbákejì máníjà ẹgbẹ́ wa. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Láti ìgbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ló ti wà nínú ẹgbẹ́ náà, ó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, ó dàgbà, wọ́n fi í ṣe igbákejì, máníjà mẹ́fà sì ti kọjá lórí rẹ̀. Ó kọ́ mi ní ohun tí kò sí nínú ìwé. A máa jókòó sí pápá tí kò sí ènìyàn níbẹ̀, á na ìka sí ibi tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù, á ní, "Tíṣà, wo èjìká rẹ̀, má wo ọwọ́." Tíṣà ló ń pè mí. Lọ́jọ́ Sunday tí kò bá sí eré, mo máa ń lọ sílé rẹ̀. Òun á sun ẹran, èmi á gbé iyán oníyẹ̀fun wá, èyí tí kò ní ẹ̀mí, a ó jọ jẹ ẹ́.

Mo fẹ́ kí ohun tí ilé yẹn jẹ́ fún mi yé yín. Nínú gbogbo ìlú náà, ilé kan ṣoṣo ni mo lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láìpè tẹ́lẹ̀. Ní Ìkẹ́rẹ́ n kò tiẹ̀ mọ̀ pé a ń ka irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí n kò bá lọ sí ilé Hẹ́nrì, mo lè lo Saturday àti Sunday láìgbọ́ ohùn ara mi, àfi tí mo bá kọrin. Tí mo bá sì kọrin tán, ilé á tún dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Láàrin ọdún kan, àìsàn dá máníjà wa dùbúlẹ̀, ó sì lọ sílé. Hẹ́nrì ló di ẹgbẹ́ mú títí sáà fi parí. Ó rìn bí ọmọ ogún ọdún ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn. Ọjọ́ kan tó ń sun ẹran, ó sọ fún mi láìwo ojú mi pé, "Ẹ̀yìn àwọn ẹlòmíràn ni mo ti ń wo eré yìí láti ọjọ́ yìí. Ó wù mí kí n wò ó láti iwájú fún ọdún kan péré, kí n tó lọ."

Mo ní, "Ẹ ó wò ó, sà." Mo gbà á gbọ́.

*

Sáà parí. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ pinnu láti wá máníjà tuntun, wọ́n sì ní kí ọ́fíìsì wa ràn wọ́n lọ́wọ́. Orúkọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀, méjì jẹ́ àlejò, ẹ̀kẹta ni Hẹ́nrì. A ní láti yẹ gbogbo ìpinnu tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ṣe wò, kí a sọ èyí tó ṣe ẹgbẹ́ láǹfààní àti èyí tó pa á lára. Lọ́rà fi ti Hẹ́nrì fún mi. Mo sọ fún un pé ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ní ìdí gan-an tí òun fi gbé e fún mi nìyẹn, torí mo mọ bó ṣe ń ronú.

Mo jókòó tì í fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tí mo rí dára. Ó mọ ẹni tó yẹ kó fi ṣáájú, ó mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n sáré, àwọn ọmọ tuntun ń gbèrú lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ń yọjú lemọ́lemọ́. Tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù bá ti rẹ̀, Hẹ́nrì kì í gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn bọ̀rọ̀. Á fi í sílẹ̀ títí àwọn ọ̀tá á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a káàkiri. Lọ́pọ̀ ìgbà tí a pàdánù, ibẹ̀ ni a ti pàdánù. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ó ti sọ fún mi rí pé ọkùnrin tó ti ṣiṣẹ́ dáadáa, kò yẹ kí wọ́n gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú èrò. Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi ì bá sọ ni. Àmọ́ kọ̀mpútà kò mọ ìtìjú. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí.

Bí mo ṣe kọ ọ́ tán ni ọkàn mi ò balẹ̀. Wọ́n ti pe Hẹ́nrì sí ìpàdé ọjọ́ Thursday, aago mẹ́wàá, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa gbé ohun tí mo kọ síwájú rẹ̀ lójú àwọn tó kéré sí ọmọ rẹ̀. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbà? Mo pe ìyá mi. N kò kà á fún un tán, mo kàn ní mo ní ọ̀rọ̀ tó wúwo láti bá àgbà kan sọ, pé ó kan àṣìṣe tirẹ̀.

"Lọ bá a láàárọ̀ kùtù," ni ó wí. "Kó tó fẹnu kan nǹkan kan. Kí o tó jókòó, dọ̀bálẹ̀. Kí o má sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìwé ẹjọ́."

Mo dúpẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi pé mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

*

Mo dé ẹnu ọ̀nà Hẹ́nrì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Yìnyín ti bo koríko iwájú ilé. Ó ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ tó fi sùn, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kíá, ó di èjìká mi mú, ó ń bi mí bóyá àyà ń dùn mí.

"Kò sí ohun tó ṣe mí, sà. Ọ̀rọ̀ kan ni mo mú wá."

"Ní aago mẹ́fà àárọ̀?"

"Ó wúwo ni, sà."

A jókòó sí ilé ìdáná. Mo sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo sọ ti àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù, bó ṣe ń fi wọ́n sílẹ̀ pẹ́ jù, àti pé wọ́n máa sọ ọ́ ní aago mẹ́wàá. Ó ń yí ife kọfí rẹ̀ lórí tábìlì.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, sà."

Ó yí ife náà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ta ló rán ọ wá?"

"Kò sí ẹni tó rán mi. N kò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ láàrin èrò ni."

Ó wá dìde, ó fọ ife náà, ó fi í síbi tí omi á ti gbẹ lára rẹ̀. "O ṣeun," ni ó wí, bí a ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mú lẹ́tà wá. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Kí n sọ òótọ́ fún yín, inú mi dùn bí mo ṣe ń lọ. Mo rò pé mo ti ṣe ojúṣe ọmọ. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn, n kò tíì ṣe ohun kan tó jọ tilé tó bẹ́ẹ̀.

*

Aago mẹ́wàá lù, Hẹ́nrì kò wá. Lẹ́tà ló fi ránṣẹ́, ìlà méjì péré, pé òun yọ orúkọ òun kúrò, òun sì ti fẹ̀yìn tì.

Lọ́rà jókòó sórí àga bí ẹni tí wọ́n tì. "Kò yé mi," ni ó wí. "Òun ni wọ́n ti mú. Ìpàdé òní, kí wọ́n lè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni."

Mo ní, "Ohun tí mo kọ ńkọ́?"

"Ohun tí o kọ ló jẹ́ kí wọ́n mú un. Gbogbo nǹkan tó ń ṣe ló dára àyàfi ìkan yẹn, ìkan yẹn sì ni a lè bá a tún ṣe. Wọ́n fẹ́ kí ìwọ jókòó tì í lọ́dún tó ń bọ̀, kí o máa sọ fún un tó bá tó àkókò láti gba bọ́ọ̀lù."

Mo jẹ́wọ́ fún un níbi tí mo dúró sí. Kò pariwo. Ó bi mí léèrè ìdí rẹ̀ tí mo fi lọ, mo ní bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nílé wa nìyẹn. Ó fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní, "Níbí, tí ẹnikẹ́ni láti ọ́fíìsì bá wá bá ọ nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ní òun kò fẹ́ kí ojú tì ọ́, ohun tó ń sọ ni pé kí o fúnra rẹ lọ kí wọ́n má baà lé ọ."

Ó pe Hẹ́nrì lórí fóònù lójú mi. Ó bẹ̀ ẹ́, ó ṣàlàyé. Mo ń gbọ́ ohùn ọkùnrin náà láti ibi tí mo wà, kò ga, kò yí padà. Ó gbà pé àánú òun ló ń ṣe wọ́n. Ó ní òun ti sọ̀rọ̀ tán.

Lọ́jọ́ tó wá kó ẹrù rẹ̀, mo bá a gbé páálí kan dé inú ọkọ̀. Mo sọ fún un pé kò sí ẹni tó rán mi, pé torí mo fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ó tẹ́tí gbọ́ mi. Ó ní, "Bóyá òótọ́ lò ń sọ, Tíṣà. Ṣùgbọ́n àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Ìwọ sọ tìrẹ, èmi gbọ́ tèmi." Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ta ilé náà kí òtútù tó parí, ó sì kó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìpínlẹ̀ tó jìnnà. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́yìn ẹ̀kẹrin, mo fi ọ̀wọ̀ ara mi wọ ara mi.

*

Ẹni tí wọ́n wá fi ṣe máníjà, ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni, ó kàwé, kì í sì í kọ ìmọ̀ràn. Ó ní kí n máa jókòó sẹ́yìn òun. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ṣeré nílé, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èjìká rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì rí i kí nọ́ńbà tó fi hàn. Mo ní, "Ó tó." Máníjà dìde, ó lọ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. A borí. Wọ́n ń da omi síra wọn lára, ẹnì kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ gbá mi mọ́ra, ó ní n kò ṣe é fi ṣeré. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa gbá mi mọ́ra láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Inú mi dùn, mo sì ń wá ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún.

Ọjọ́ kejì tí í ṣe Saturday, mo pe ìyá mi. Ó yọ̀ fún mi, ó gbàdúrà, ó wá ní, "Bàbá rẹ Hẹ́nrì ńkọ́? Ó pẹ́ tí o ti dárúkọ rẹ̀."

Mo ti ń fi pa mọ́ fún un láti oṣù mélòó kan. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń gbọ́ tí ẹnì kan ń fọ abọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí onítọ̀hún dákẹ́ ná.

"O lọ láàárọ̀?"

"Mo lọ láàárọ̀."

"O dọ̀bálẹ̀?"

"Mo dọ̀bálẹ̀, Màmá."

"Ta lo mú lọ?"

Ìbéèrè náà kò tètè yé mi.

"Ta ló bá ọ dé ibẹ̀? Ọmọdé kì í dá gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ bá àgbà. O gbọ́dọ̀ mú ẹni tó tójú bọ́ dání, kó jókòó tì ọ́, kó lè sọ pé, 'Ọmọ yí fẹ́ràn rẹ ló ṣe wá, kò sẹ́ni tó fi uṣẹ́ rán an.' Ùwọ kò mọ̀ ni?"

"Màmá, o kò sọ ìyẹn fún mi lọ́jọ́ yẹn."

"Ta ló ń sọ ìyẹn fún ènìyàn? Ṣebí wàá kàn ní kí ẹnì kan ní ulé kejì bá ọ dìde ni."

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, ẹni tí mo ì bá mú lọ. Aládùúgbò mi tó ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde, n kò mọ orúkọ rẹ̀. Lọ́rà ni ọ̀gá, òun gan-an ni Hẹ́nrì ń fura sí. Àwọn méjì tó kù ní ọ́fíìsì, n kò mọ ilé wọn. Pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí mo máa ń lọ, ó ń pè mí ní orúkọ ọmọ Ghana kan tó jókòó níwájú mi. Mo kà wọ́n lọ, mo kà wọ́n bọ̀.

"Kò sí, Màmá," ni mo wí. "Ẹni kan ṣoṣo tí mo lè bẹ̀ kó bá mi lọ, òun ni mo lọ bá."

Mo gbọ́ tí ìyá mi fa àga. Ó ní kí n má tíì pa fóònù, pé òun ti jókòó, òun kò níbi tí òun ń lọ.